Ẹ̀KỌ́ WA: Bí A Ṣe Ń Wá Àrùn Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ìjàpá Kí A Tó Náwó

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìṣirò èlé tàbí ti ìwé àkọsílẹ̀ owó. Ẹ̀kọ́ nípa ọkọ̀ ni. Síbẹ̀, ó kan owó ẹgbẹ́, ó sì kan ẹ̀mí ọmọ ẹgbẹ́. A rọ àwọn akọ̀wé pé kí wọ́n kà á sókè ní ìpàdé, kí àwọn tí kò ní ọkọ̀ pàápàá fetí sí i, nítorí pé ẹni tí kò ní ọkọ̀ lónìí ń wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣì ń lo ọkọ̀ àtijọ́ láti fi lọ sí oko, ọjà àti ìpàdé. Volkswagen tí àwa Yorùbá sọ ní Ìjàpá wà lára wọn. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Volkswagen pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá ti wọ ìlú wa. Ní ilẹ̀ Mexico ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn pátápátá ní ayé, ní oṣù keje ọdún 2003. Ìtumọ̀ èyí ni pé kò sí Ìjàpá kan tí ń rìn lónìí tí kò tíì ju ogún ọdún lọ, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú wọn ti ju ogójì ọdún lọ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè máa dún kíkankíkan bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n wáyà, róbà àti irin tí iná ń gbà kọjá ti di àgbà. Iná ẹ̀yìn ni àgbà yìí sábà máa ń kọ́kọ́ hàn sí.

EWU TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Iná iwájú ni a fi ń ríran. Iná ẹ̀yìn ni a fi ń jẹ́ kí ẹlòmíràn rí wa. Ẹni tí iná iwájú rẹ̀ bá kú yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí òkùnkùn yóò bò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kú lè wakọ̀ láti Ìbàdàn dé Ilé-Ifẹ̀ lóru kí ó má mọ nǹkan kan. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn nìkan ni ó lè mọ̀, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí ó bá pẹ́ jù ni yóò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń kọjá lórí ilẹ̀ tí ó tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ká ní Ìjàpá wa dúró sójú ọ̀nà láìní iná lẹ́yìn, tí awakọ̀ tírélà kò sì rí i títí ó fi ku mítà 40 sí i. Àyè tí awakọ̀ náà ní kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Kí ó tó ronú, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, kí ọkọ̀ tí ó kún fún ẹrù tó gbọ́ràn, ó ti dé orí wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gógóró má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Iná ẹ̀yìn ni ó ń jẹ́ kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè wò wá láti òkèèrè.

Òfin pẹ̀lú kò fi àyè gbà wá. Láti ọdún 1988 tí ìjọba ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, iná ọkọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀ṣọ́ ni kí a fi tún iná ẹ̀yìn wa ṣe. Nítorí àwọn tí ń retí wa nílé ni.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ INÁ Ẹ̀YÌN

Nínú iná ẹ̀yìn Ìjàpá, gílóòbù méjì ni ó sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni gílóòbù olókùn méjì. Okùn tín-ín-rín kan nínú rẹ̀ jẹ́ wáàtì 5. Òun ni ó ń tàn ní gbogbo ìgbà tí a bá tan iná ọkọ̀ lálẹ́. Okùn kejì jẹ́ wáàtì 21; òun ni ó ń mọ́lẹ̀ rokoṣo nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Ẹ wo ìdí gílóòbù yìí dáadáa: èékánná kékeré méjì tí ó wà lára rẹ̀ kò dọ́gba, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ó má baà wọlé lódì. Bí ó bá kọ̀ láti wọlé, ẹ yí i padà, ẹ má fi agbára tì í. Àwọn kan a máa fi fáìlì rẹ́ èékánná náà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, iná alẹ́ lè gba ojú okùn bíréèkì, ẹni tí ó wà lẹ́yìn wa yóò sì rò pé à ń tẹ bíréèkì láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀.

Èkejì ni gílóòbù olókùn kan, wáàtì 21, fún tíráfíkétọ̀ tí a fi ń sọ pé à ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Kí ẹ tó ra gílóòbù, ẹ mọ iye fóòtì tí ọkọ̀ yín ń lò. Àwọn Ìjàpá àtijọ́ gan-an ń lo fóòtì 6. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ń lo fóòtì 12. Bí ẹ kò bá lè ka ohun tí a kọ sára bátìrì, ẹ ka ihò tí a ń gbà bu omi sí i. Ihò mẹ́ta jẹ́ fóòtì 6, ihò mẹ́fà jẹ́ fóòtì 12. Gílóòbù fóòtì 12 nínú ọkọ̀ fóòtì 6 yóò máa tàn bí iná tí epo fẹ́ tán lórí rẹ̀; gílóòbù fóòtì 6 nínú ọkọ̀ fóòtì 12 yóò jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

BÍ INÁ ṢE Ń LỌ TÍ Ó SÌ Ń BỌ̀

Bí ẹ bá mọ ibi yìí, ẹ ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà.

Bátìrì Ìjàpá wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Láti ibẹ̀ ni iná ti ń gba inú wáyà lọ síwájú, dé súwíìṣì tí ó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù, dé inú àpótí fíúùsì, tí ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nítòsí sítiárìn nínú ọ̀pọ̀ wọn. Láti inú fíúùsì ni yóò tún gba wáyà mìíràn padà sẹ́yìn ọkọ̀, dé inú gílóòbù. Iná bíréèkì ní ọ̀nà tirẹ̀: súwíìṣì tirẹ̀ wà lára máásítà bíréèkì lábẹ́ ọkọ̀ níwájú. Nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, agbára òróró bíréèkì ni ó ń ti súwíìṣì náà kí iná lè kọjá.

Ṣùgbọ́n iná dà bí ẹni tí ó lọ sí ọjà: bí ó ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó gbọdọ̀ padà sílé. Ilé rẹ̀ ni bátìrì. Kì í ṣe inú wáyà ni ó ń gbà padà nínú Ìjàpá, bí kò ṣe ara irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ìpadàbọ̀ yìí ni àwọn rìwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá, láti inú gílóòbù, iná yóò gba ara ilé iná ẹ̀yìn bọ́ sára mọ́dígáàdì, láti ara mọ́dígáàdì yóò gba ara àwọn bóòtù bọ́ sára ọkọ̀, láti ibẹ̀ yóò sì padà dé ìdí bátìrì.

Ẹ wá ronú sí i. A fi bóòtù de mọ́dígáàdì mọ́ ara ọkọ̀, róbà sì wà láàárín méjèèjì. Ẹrẹ̀ àti omi òjò ń ta sí i láti abẹ́ táyà. Bí bóòtù wọ̀nyí bá dógùn-ún, tàbí bí akunlé bá ti kun ọ̀dà lé ibi tí irin ti ń kan irin, ọ̀nà ilé ti dí nìyẹn. Iná dé ọjà, kò rí ọ̀nà padà. Gílóòbù tuntun kò ní tàn, fíúùsì tuntun kò ní ràn án lọ́wọ́.

OHUN ÈLÒ TÍ A NÍLÒ

Ohun èlò wọ̀nyí kò pọ̀, wọn kò sì wọ́n:

1. Ṣíkúrúdíráfà kan àti púláyà kan.
2. Ìwé sáńpépà tí ó kúnná.
3. Gílóòbù olókùn méjì kan àti olókùn kan kan, àwọn tí a mọ̀ dájú pé wọ́n ń tàn.
4. Fíúùsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, irú èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ gan-an.
5. Wáyà kan tí ó gùn tó mítà méjì, tí a bó ẹnu rẹ̀ méjèèjì.
6. Iná ìdánwò, tí àwọn rìwáyà ń pè ní tẹ́sítà. Bí ẹ kò bá rà á, ẹ lè ṣe é: ẹ so wáyà kan mọ́ ìdí gílóòbù wáàtì 5, ẹ so òmíràn mọ́ ara rẹ̀. Ẹ fi wáyà kan kan ara irin tí ó mọ́ lára ọkọ̀, kí ẹ fi èkejì kan ibi tí ẹ fẹ́ dán wò. Bí gílóòbù bá tàn, iná wà níbẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ MÉJE TÍ A Ó TẸ̀ LÉ

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí wọ́n ti to, ẹ má fo ọ̀kankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wò ó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹnì kejì dúró lẹ́yìn. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹ́ńjìnnì jí, ẹ tan iná alẹ́, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi tíráfíkétọ̀ sọ́tùn-ún, ẹ fi sósì. Kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn kọ ohun mẹ́fà sílẹ̀: iná alẹ́, iná bíréèkì àti tíráfíkétọ̀ ti ọ̀tún, bákan náà ti òsì. Kí ó kọ èyí tí ó tàn, èyí tí kò tàn, àti èyí tí ó ń ṣe bàìbàì. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títan pẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, nítorí kọ́ìlì lè gbóná kí ó sì bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: gílóòbù. Ẹ tú gíláàsì iná ẹ̀yìn, ẹ yọ gílóòbù tí kò tàn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan, nítorí okùn inú rẹ̀ lè já níbi tí ojú kò tó. Ẹ mú gílóòbù ẹ̀gbẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá tàn, gílóòbù ni àrùn. Ẹ ra tuntun, iṣẹ́ parí. Bí kò bá tàn, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fíúùsì. Fíúùsì Ìjàpá dà bí ọta ìbọn kékeré, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba ara rẹ̀ kọjá. Funfun jẹ́ áḿpíà 8, pupa jẹ́ áḿpíà 16. Nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá, iná alẹ́ ọ̀tún ní fíúùsì tirẹ̀, ti òsì sì ní tirẹ̀, nítorí náà iná alẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan lè kú kí èkejì máa tàn. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́ àti iná, ẹ fi ọwọ́ yí fíúùsì náà nínú ìdè rẹ̀. Nígbà mìíràn, yíyí yìí nìkan tó, nítorí ìpẹtà ni ó wà láàárín fíúùsì àti irin tí ó dì í mú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì kúrò lórí bátìrì, kí ẹ fi sáńpépà nu ẹnu méjèèjì, kí ẹ sì fi fíúùsì tuntun sí i. Bí fíúùsì tuntun bá jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má fi òmíràn sí i mọ́. Wáyà kan ti bó, ó sì ń kan ara ọkọ̀ níbìkan. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ keje.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí gílóòbù ń jókòó sí. Ẹ wo inú rẹ̀. Bí ó bá ní ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé, ẹ fi sáńpépà tí a ká mọ́ igi kékeré nù ún títí irin yóò fi dán. Ẹ wò bóyá irin kékeré tí ń ti ìdí gílóòbù ṣì ń ta padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná, ẹ fi tẹ́sítà kan ẹnu wáyà níbẹ̀. Bí tẹ́sítà bá tàn, iná ti dé ọjà. Ọ̀nà ìpadàbọ̀ ni kí ẹ wò. Bí kò bá tàn, iná kò tíì dé. Wáyà tàbí súwíìṣì ni kí ẹ wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi gílóòbù sí àyè rẹ̀, ẹ tan iná. Ẹ mú wáyà mítà méjì yẹn, ẹ fi ẹnu kan kan irin ilé iná ẹ̀yìn, kí ẹ fi ẹnu kejì kan irin tí ó mọ́ lára ọkọ̀, bí orí bóòtù kan lára ẹ́ńjìnnì. Bí iná tí ó ti kú bá tàn, tàbí bí èyí tí ó ń ṣe bàìbàì bá mọ́lẹ̀ kedere, ẹ ti rí àrùn náà mú. Ẹ tú bóòtù tí ó de ilé iná mọ́ mọ́dígáàdì, ẹ fi sáńpépà nu ibi tí irin ti kan irin, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é padà kí omi má baà wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó pẹ́, ẹ de wáyà kan títí láé láti ilé iná náà lọ sí ara ọkọ̀ gan-an, kí iná má ṣe gbára lé bóòtù mọ́dígáàdì mọ́. Iṣẹ́ yìí kò gbà ju wáyà kékeré kan àti bóòtù méjì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: súwíìṣì bíréèkì. Èyí wà fún ọkọ̀ tí iná alẹ́ rẹ̀ ń tàn dáadáa, ṣùgbọ́n tí iná bíréèkì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọ̀. Bí fíúùsì rẹ̀ bá dára, ẹ yọ wáyà méjì tí ó wà lórí súwíìṣì lára máásítà, kí ẹ sì fi ẹnu wọn kan ara wọn, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní títan. Bí iná bíréèkì bá tàn, súwíìṣì ni ó ti kú. Àwọn ọkọ̀ kan ní súwíìṣì méjì níbẹ̀. Ẹ dán méjèèjì wò. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má tú súwíìṣì náà fúnra yín. Òróró bíréèkì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá dà, afẹ́fẹ́ lè wọ inú páìpù, ọkọ̀ tí kò ní iná bíréèkì yóò sì wá di ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì rárá. Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì, kí ó pààrọ̀ rẹ̀, kí ó sì tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì.

Ìgbésẹ̀ keje: wáyà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wáyà ti gba ihò irin kọjá, nítorí róbà tí ń dáàbò bò ó níbẹ̀ máa ń le, a sì já, irin yóò sì máa gé wáyà jẹ. Ẹ wo ibi tí ó ti wọ inú mọ́dígáàdì, ẹ wo ibi tí ó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ooru àti ọ́ìlì ti ń pa á. Ẹ wo gbogbo ibi tí ẹnì kan ti so wáyà pọ̀ rí, tí ó sì fi ọ̀rá wé e. Ní ti àwọ̀ wáyà, àwọn ará Jámánì fi wáyà búráùn fún ẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ eérú fún iná alẹ́, dúdú tí ó ní ìlà pupa fún bíréèkì, dúdú tí ó ní ìlà funfun fún tíráfíkétọ̀ òsì, dúdú tí ó ní ìlà aláwọ̀ ewé fún ti ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti gba ọwọ́ rìwáyà mẹ́wàá kọjá lè ní àwọ̀ tí ó wu olúkúlùkù wọn. Tẹ́sítà ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe àwọ̀.

ÀMÌ ÀRÙN TÍ ó YẸ KÍ A DÁ MỌ̀

Gílóòbù kan ṣoṣo ni kò tàn: gílóòbù náà tàbí ibi tí ó jókòó sí.

Gbogbo iná ẹ̀gbẹ́ kan ni ó kú tàbí tí ó ń ṣe bàìbàì: ẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ náà.

Iná alẹ́ ẹ̀yìn kú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n bíréèkì àti tíráfíkétọ̀ ẹ̀gbẹ́ náà ń tàn: okùn wáàtì 5 inú gílóòbù náà tàbí fíúùsì rẹ̀.

Iná bíréèkì méjèèjì kú: fíúùsì tàbí súwíìṣì bíréèkì.

A tẹ bíréèkì, tíráfíkétọ̀ ń tàn bàìbàì. Tàbí a fi tíráfíkétọ̀ sí i, iná alẹ́ ń ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀: èyí ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú, wọn a ní ọkọ̀ ti ya wèrè. Ọkọ̀ kò ya wèrè. Ẹ́ẹ̀tì ni ó dí. Iná tí kò rí ọ̀nà ilé tirẹ̀ gbà ni ó ń gba àgbàlá aládùúgbò rẹ̀ kọjá, ìyẹn ni pé ó ń gba inú okùn gílóòbù mìíràn wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe wé bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ fíúùsì tí ó ti jó, ẹ má sì fi ìṣó dípò rẹ̀. Ẹ wo ìṣirò yìí: gílóòbù bíréèkì méjì jẹ́ wáàtì 42, bí a bá fi fóòtì 12 pín in, áḿpíà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Fíúùsì áḿpíà 8 tó fún un, ó sì ṣẹ́kù. Bí fíúùsì bá jó, ó ń sọ fún wa pé nǹkan kan ń gba iná ju bí ó ti yẹ lọ. Bí a bá fi ìṣó pa á lẹ́nu mọ́, wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò di fíúùsì, inú ọkọ̀ ni yóò sì ti jó.

Ẹ má ṣe gbàgbé bátìrì tí ó wà lábẹ́ ìjókòó. Sípíríǹgì ìjókòó jẹ́ irin. Bí ìdérí bátìrì bá ti sọnù, tí ènìyàn wúwo méjì sì jókòó sẹ́yìn, sípíríǹgì lè kan orí bátìrì, ìjókòó yóò sì gbiná. Ẹ fi róbà tí ó nípọn bò ó.

Ẹ má sì ṣe wakọ̀ lálẹ́ láìní iná ẹ̀yìn, kódà bí ẹrù kòkó bá wà nínú ọkọ̀, tí ẹni tí yóò gbà á sì ń dúró dè yín. Bí ó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ gbìyànjú wáyà ẹ́ẹ̀tì ti ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ó lè gbé yín délé. Bí kò bá tàn, ẹ yà sí abúlé tí ó sún mọ́ yín kí ẹ sùn. Bí ẹ kò bá lè kúrò lójú ọ̀nà, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sí òkèèrè lẹ́yìn ọkọ̀, kí gbogbo èrò sì sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí ọ̀nà. Ewé tí a ń tò sójú ọ̀nà sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n ewé kì í tàn lóru.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÌGBÌMỌ̀ AYÁNILÓWÓ

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ ìwé wá pé òun fẹ́ yá owó láti fi tún gbogbo wáyà ọkọ̀ òun ṣe, nítorí pé rìwáyà sọ fún un pé wáyà ọkọ̀ náà ti kú tán. A kò sọ pé kí ìgbìmọ̀ kọ̀ fún un. Ìgbà kan wà tí gbogbo wáyà gbọdọ̀ di tuntun: bí ara wáyà bá ń fọ́ bí èèpo ẹ̀pà níbi gbogbo tí a bá tẹ̀ ẹ́, tàbí bí ó bá ti jó rí, tàbí bí ibi tí a ti so ó pọ̀ bá ti pọ̀ ju ibi tí ó gún lọ. Ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni tẹ́sítà sọ? Ìgbésẹ̀ wo ni àrùn náà ti hàn? Bí kò bá sí èsì, kí olùyáwó padà lọ ṣe ìgbésẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹni tí ó yá owó ńlá nítorí bóòtù kan tí ó dógùn-ún yóò fi oṣù púpọ̀ san án, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tí ó nílò owó ilé ìwé yóò sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má ṣe bínú sí rìwáyà, ẹ má sì bú u. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó mọ iṣẹ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọ̀gá rìwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tẹ́sítà hàn mí bóyá iná dé ibí yìí." Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò dáhùn pé, "Bàbá, ẹ wò ó, iná dé, ẹ́ẹ̀tì ni kò sí." Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ wò ó, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra tẹ́sítà kan, páálí fíúùsì kan àti gílóòbù díẹ̀, kí wọ́n fi sọ́wọ́ akọ̀wé. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá lò nínú wọn san iye tí a rà á. Ní ìpàdé tí ó bá kọ́kọ́ wà nínú oṣù, kí gbogbo ọkọ̀ tí ó wá tan iná ẹ̀yìn wọn kí èrò tó túká, kí ẹnì kejì wò ó fún ẹnì kìíní. Kò sí awakọ̀ tí ó lè jókòó níwájú kí ó tún dúró lẹ́yìn. Iṣẹ́ tí ó gba ènìyàn méjì ni, èyí sì ni iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù gan-an. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìdí tí iná ẹ̀yìn fi lè kú kí awakọ̀ má mọ̀?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ láti ara bátìrì pé ọkọ̀ ń lo fóòtì 6 tàbí fóòtì 12?
3. Tíráfíkétọ̀ ọ̀tún ọmọ ẹgbẹ́ kan ń tàn bàìbàì nígbàkúùgbà tí ó bá tẹ bíréèkì. Kí ni àrùn rẹ̀, kí sì ni kí ó kọ́kọ́ ṣe?
4. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ tú súwíìṣì bíréèkì fúnra wa?
5. Iná bíréèkì méjì jẹ́ wáàtì 42. Bí a bá fi iná bíréèkì méjì mìíràn, wáàtì 21 kọ̀ọ̀kan, kún un lára fíúùsì áḿpíà 8 kan náà nínú ọkọ̀ fóòtì 12, áḿpíà mélòó ni yóò jẹ́? Ṣé ó yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀?
6. Ọkọ̀ mélòó ni ó wá sí ìpàdé lónìí? Kí a jáde lọ wo iná ẹ̀yìn wọn nísinsìnyí kí a tó ka ìwé owó.